Háàdì Tó Ń Dún Kẹ́kẹ́

Fọláhàn tẹ́ etí sí ẹ̀rọ kan bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí nígbà tí Toyibat kọ́kọ́ rí i ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bàrígà. Fọláhàn gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin tó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, tí ìrẹsì ń jábọ́ lára rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Wọ́n ní ìrẹsì máa ń fa omi."

"Ṣé omi wọ inú ẹ̀ ni?"

"Rárá."

Fọláhàn bú sẹ́rìn-ín. Ó tan ẹ̀rọ náà. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Háàdì tó ń kó nǹkan pamọ́ ló ń kú lọ yìí. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìtàn ìdílé wa. Ìyá àgbà ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́. Rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn wọn báyìí."

Bàbá Toyibat ló ni kọ̀ǹpútà náà, ó fi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú; kì í fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́dọ̀ atúnṣe láìsí ọmọ ilé tó ń ṣọ́ ọ, kí wọ́n má baà jí iṣẹ́ oníbàárà. Toyibat wá ń jókòó ti Fọláhàn lójoojúmọ́. Wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà; ìtìjú Toyibat ń dín kù, ẹ̀rù pé ìtàn náà lè sọnù ń pọ̀ sí i.

Bàbá pè é lórí fóònù. "Kó fi Wíńdò tuntun sórí háàdì yẹn kíá! Iṣẹ́ ti dúró."

Fọláhàn mi orí. "Bí mo bá fi ètò Wíńdò sórí ẹ̀, yóò pa gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà rẹ́."

Toyibat kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn rí. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Rárá."

Bàbá pa fóònù.

Fọláhàn fi háàdì tuntun sí i, ó fi Wíńdò sórí rẹ̀, ó so ògbólógbòó mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìtàn náà jáde.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Toyibat wí.

"Ó ń ba èmi náà, olólùfẹ́." Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Toyibat di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

Háàdì ògbólógbòó náà dákẹ́ pátápátá. Ààbọ̀ ìtàn péré ló jáde.

Lẹ́bàá ibùsùn Ìyá àgbà, Toyibat kà á títí dé ibi tó ti já. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyókù bó ṣe rántí rẹ̀. Fọláhàn, tó bá a délé, fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí Toyibat bá ṣì í sọ, Ìyá á fi ìka lu bẹ́ẹ̀dì, Toyibat á sì tún un sọ.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko. Nígbà tó yá, ó fa àga, ó jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni, níbo làwọn òbí ẹ ń gbé?"

Toyibat yíjú sí Fọláhàn.

"Ìgbóbì ni, sà."

"Ní kí wọ́n wá kí wa."