Ta Ló Dín Iná Kù?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì yọ ibi tó bà mí lẹ́rù kúrò nínú rẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, orí rẹ̀ pé, kì í sì í ṣe ẹni tí í fi òkú ṣàwàdà.

Agbẹ̀bí ni. Ìyá Agbẹ̀bí náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó tó ìrìn wákàtí kan sílé rẹ̀ lórí alùpùpù. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń jókòó sí, àpò iṣẹ́ á wà lórí itan rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ kú ló tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á.

Jẹ́jẹ́ làwọn èèyàn ń pe ọkọ náà, torí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Ó ní àṣà kan. Bí ọ̀rọ̀ bá wá sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà, kì í pariwo. Á dín iná alùpùpù kù, kó má sáré mọ́, títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀ létí wọn, á yí ojú díẹ̀ sósì, á sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́ tán, á tún fún alùpùpù níná. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju bíńtín lọ. "Wo ẹyẹ yẹn." "Ebi ti ń pa mí o, má sọ pé mi ò sọ." Obìnrin náà á gbé àgbọ̀n lé e léjìká, á dá a lóhùn, wọ́n á máa lọ.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Agbẹ̀bí ṣubú nínú balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó jiná, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n sì fi ń yí ọwọ́ iná tó ń mú alùpùpù sáré, òun náà ni wọ́n fi ń dì í mú láti ilé dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bó bá ti dé ìdajì ọ̀nà, ìka rẹ̀ á ti kú, kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá láti ìlú tó ń gbé. Kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ta alùpùpù yìí. Mo ti rí ẹni tó máa rà á."

"Ta ló ní kó o wá a?"

"Ṣé ẹ tún fẹ́ ṣubú ni?"

"Balùwẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ṣé ká ta balùwẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ṣàdéhùn. Bó bá fi máa di òpin oṣù, tí ìyá bá lè wà á lọ síbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ kú mọ́ ọn lára, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá lè ṣe é, kí ẹni tó fẹ́ rà á wá gbé e. Ìyá gbà. Kò sọ fún ọmọ pé òórùn Jẹ́jẹ́ ti tán lára gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí, pé orí àga alùpùpù yẹn nìkan ló kù sí.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Máfipátú, ọkùnrin tó lè fi odindi àárọ̀ tú ìdè nọ́ọ̀tì kan kó má baà ṣẹ́. Máfipátú wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo alùpùpù, ó wọlé lọ mú òrùka irin kan tó là sí méjì jáde.

"Èyí ló máa bá yín di iná mú, Màmá. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Alùpùpù yín ti dàgbà, kò fẹ́ wàhálà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ọmọge lẹ̀yin ṣì jẹ́."

"Máa ṣiṣẹ́ rẹ, jàre."

Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ọwọ́ iná, ó gbé òrùka lé e, ó ń de ìdè méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ó ki bébà kan bọ àárín òrùka àti irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó lè dá a lójú pé wọn kò fara kanra, ó sì yọ ọ́. Ahọ́n kékeré kan yọ lára òrùka náà. Bí àtàǹpàkò bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, á fẹ̀yìn ti ìjánu, ìyẹn bíréèkì ọwọ́, ọwọ́ iná á sì dúró síbi tí wọ́n yí i dé. Bí wọ́n bá gbé e sókè, sípíríngì á fà á padà. Ó dán an wò láìtan ẹ́ńjìnnì. Pà! Ó padà. Ó tẹ ahọ́n. Ó dúró.

"Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbàgbé ahọ́n yìí. Ẹ kàn fọwọ́ yí iná padà, á gbà fún yín."

Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ lò ó. Oòrùn ti yọ, ọ̀nà dá páropáro. Ó tẹ ahọ́n, ó sì la ìka márààrún sílẹ̀. Alùpùpù ń lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan.

Ó kọjá afárá. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìlagi tí wọ́n ti pa tì. Ìró ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀.

Kò já. Ó rọra lọ sílẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ létí rẹ̀. Ó gbọ́ tata nínú koríko. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó pẹ́ tó bí ẹni sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Lẹ́yìn náà, iná padà.

"Ó ń yọ̀ ni," Máfipátú wí nírọ̀lẹ́. Ó de ìdè sí i. Ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan sára ọwọ́ iná, ó fa òmíràn sára irin tí kì í yí. "Ẹ yí i títí ìlà méjèèjì á fi pàdé, kẹ́ ẹ tó tẹ ahọ́n. Bó bá yọ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n pínyà."

Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lára ìlà náà. Ó dé ilé ìlagi. Ìró lọ sílẹ̀. Ó wo ìlà. Wọn kò pínyà. Ọwọ́ iná kò yí rárá.

Máfipátú fúnra rẹ̀ wà á gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan.

"Màmá, ara alùpùpù yìí le ju tèmi lọ." Ó na ọwọ́ mú èkísà. "Ta ló ń wà á tẹ́lẹ̀?"

"Ọkọ mi."

Ọkùnrin náà kò ṣàwàdà mọ́. Ó ń fi èkísà náà nu ọwọ́ tó ti mọ́.

Ojoojúmọ́ ni. Bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ di iná mú, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àfi bó bá fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jáde nílé. Bí ìró bá ti lọ sílẹ̀, á sọ pé, "Mò ń gbọ́." Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, àgbọ̀n rẹ̀ á yọ síwájú fúnra rẹ̀, kò sì sí èjìká níbẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù pé. Ọmọ wá wò ó. Ó gun alùpùpù sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá kò sọ ọ̀rọ̀ ilé ìlagi fún un. Ó tẹ ahọ́n, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ju ìka rẹ̀ fún un.

"Ṣó o rí i?"

"Mo rí i, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú."

Afárá. Ilé ìlagi. Ìró lọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ìyá sé èémí.

Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dá àgbà lóhùn.

"Rárá, sà. Kò tíì rẹ̀ wọ́n."

Iná padà.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn. Ìyá pa ẹ́ńjìnnì.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ojú ọmọ ti yí padà. "Màámi, ẹ má bi mí."

Ó rìn lọ sábẹ́ igi kan, ó pe ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù lórí fóònù. Ìyá gbọ́ tó ń sọ pé àwọn ò tà á mọ́.

Ìgbà yẹn ló tó yé Ìyá Agbẹ̀bí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni Jẹ́jẹ́ máa ń bá sọ̀rọ̀. Òun ti bọ́ síwájú.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí ọmọ kì í wá. Á gùn ún, wọ́n á lọ, ìyá á tẹ ahọ́n. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìyá ń gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Wọ́n ń jẹun dáadáa." Nígbà mìíràn, ẹ̀rín ni.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Alùpùpù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Tata dákẹ́. Ọmọ ń tẹ́tí ni. Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Níkẹyìn ó ní:

"Mo gbọ́, sà. Màá sọ fún wọn."

Wọ́n dé ilé. Wọ́n jẹun. Wọ́n fọ abọ́.

Títí di òní, ọmọ kò tíì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní kó sọ. Ìyá kò sì tíì bi í.