Wáìnì Gbígbóná ti Míísítà Hárọ́pù

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ nítorí kí ẹ lè gbà mí gbọ́. Ilé náà ṣì dúró lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ, lọ́nà Ṣakí, koríko ti bò ó dé ojú fèrèsé. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ mọ́ wọn lórí lójú ọ̀nà náà, bí wọ́n bá sì bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan.

Dúróríkẹ́ ni ìyàwó kúùkù ilé náà. Ògúnbùnmi ọkọ rẹ̀ ló ń dáná fún Míísítà Hárọ́pù, òyìnbó tó ń rí sí tábà àwọn àgbẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Òyìnbó yìí ti dàgbà, kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, kò sì ní wàhálà. Ooru ilẹ̀ wa kò bá a lára mu rí. Àfi ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, tí ètè gbogbo ayé ń là, tí àwa ń ká ara wa kò bí aṣọ, ìgbà yẹn gan-an ni inú rẹ̀ máa ń dùn. Yóò gbé àga sí fàráńdà, yóò sì ní kí Ògúnbùnmi ṣe wáìnì gbígbóná.

Ògúnbùnmi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Yóò mú ọsàn kan, yóò fi kànáfùrù gún un lára yíká títí yóò fi rí bí òòrẹ̀. Yóò yan án díẹ̀díẹ̀ lórí ẹyin iná títí èèpo rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ilé. Ìgbà náà ni yóò jù ú sínú ìkòkò, yóò da wáìnì pupa kan lé e lórí, èyí tó ki, tó sì dùn, tí wọ́n ń pè ní pọ́tì. Ṣúgà yóò tẹ̀ lé e, àti atalẹ̀, àti èèpo igi olóòórùn kan tó ti òkè òkun wá. Iná kékeré ni. Kò gbọdọ̀ hó. "Bó bá hó, ó kú," ni òyìnbó máa ń wí. Bó bá ti gbóná dé ìwọ̀n, wọ́n á bù ú sínú kọ́ọ̀bù ńlá, wọ́n á wá ki irin tó ti pọ́n nínú iná bọ̀ ọ́. Irin náà yóò ké ṣààà, ooru yóò sì rú sókè. Irin bàbá òyìnbó ni, ilé wọn ló ti gbé e wá.

Nígbà tí Dúróríkẹ́ kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa á.

"Àgbo ni," ó ní. "Àgbo ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n àgbo ni."

Ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ sínú ọyẹ́ ọdún 1978. Míísítà Hárọ́pù ń lọ sílé láti lọ sinmi. Ọkọ̀ ẹrù ti kó àpótí rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, irin náà sì wà nínú àpótí. Ògúnbùnmi kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Ó sáré lọ sílé, ó sì padà dé pẹ̀lú irin dúdú kan, gígùn rẹ̀ tó apá ọmọdé.

"Bàbá Ayọ̀bámi, níbo lẹ ti rí irin yìí?" Dúróríkẹ́ béèrè.

"Irin ni."

"Mo ní níbo?"

"Ojúbọ bàbá mi ni. N ó dá a padà kílẹ̀ tó ṣú."

Ojúbọ Ògún ni ojúbọ yẹn. Bí ẹni méjì bá ní gbólóhùn asọ̀ ní Àgọ́-Àrẹ, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń parọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó wọn lọ. Wọ́n á ki irin náà bọ omi, olúkúlùkù á gbé omi náà lọ́wọ́, á sọ tẹnu rẹ̀, á sì mu ún; ẹni tó bá parọ́, tàbí tí kò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, Ògún á pa á. Dúróríkẹ́ mọ èyí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti dá tirẹ̀ sí i. Èso kan wà tí òyìnbó máa ń rin lé wáìnì náà lórí, èso náà ti tán, òun ló sì tú ìṣẹ́po ìró rẹ̀ tó mú ẹyọ ataare jáde. Ataare náà ń ta, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Ó ní òyìnbó kò kúkú mọ Ògún, Ògún náà kò mọ òyìnbó. Ó pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ náà, Míísítà Hárọ́pù ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó ní kí wọ́n bù fún Ògúnbùnmi náà látinú kọ́ọ̀bù òun. Ó gbé kọ́ọ̀bù sókè, irin ṣì wà nínú rẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro sọ̀rọ̀.

"Kúùkù. Ọyẹ́ tó ń bọ̀, mo padà wá. Mo mu èyí. Níbí."

Omi lé ròrò sójú Ògúnbùnmi. "Ibi yòówù kí ẹ wà, Sà, èmi ni n ó sè é fún yín."

Wọ́n mu ún. Dúróríkẹ́ tó gbé àwo dání ní ẹ̀yìn wọn rí i pé irun ọrùn òun dìde. Ó ní òtútù ni. Òyìnbó fi ìgò pọ́tì kan sílẹ̀ de ara rẹ̀, ó sì lọ.

Àárín òjò ni Festus, ọ̀gá tuntun tó ń gbé ní Ṣakí, sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀ níwájú ilé ìdáná.

"Ẹ̀yin Bàbá, òyìnbó yín àtijọ́ ti kú. Wọ́n fi fóònù sọ fún wa láti Ìbàdàn."

Ògúnbùnmi ṣan àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó dà á dé. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Kò ṣàìsàn, kò sì fajú ro. Ó tún òrùlé ṣe. Ó lọ bá àwọn tí wọ́n ti bínú síra wọn tipẹ́, wọ́n parí ìjà. Ó lọ kí Ayọ̀bámi, ọmọ wọn, nílé ọkọ rẹ̀. Ó fi iṣu tí Dúróríkẹ́ yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ hàn án, ó ní kó má fi han ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ ń fi ìyẹn hàn mí sí?" Dúróríkẹ́ béèrè. "Ṣé ẹ ń lọ síbì kan ni?"

"Mo sọ fún un pé ibi yòówù kó wà."

Dúróríkẹ́ gbọ́ ọ, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tó wà, ó sì di ọmú rẹ̀ méjèèjì mú.

Ó lọ bá Ọdẹ́bọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ojúbọ náà. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀, kò fi ti ataare pamọ́.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?" Ọdẹ́bọ̀dé béèrè.

"Òyìnbó ni, Bàbá. Ó ní òun yóò padà wá mu ún níbí."

"Bó bá wá, àbúrò mi yóò sè é fún un níbí, ó parí nìyẹn. Bí kò bá wá, àbúrò mi ni yóò lọ bá a níbi tó wà."

"Òyìnbó ti kú, Bàbá."

"Mo gbọ́."

"Ṣé òkú lè wá ni?"

Bàbá náà wo òkè tí eruku ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. "Mi ò mọ ohun tí irin lè ṣe fún òyìnbó," ó ní. "Òyìnbó kankan kò tíì sọ̀rọ̀ lé e lórí rí."

Bí Dúróríkẹ́ ṣe ń padà bọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, ẹ̀rín tí kò dùn létí. Gbogbo obìnrin ayé ń gbàdúrà kí òkú jókòó sí àyè rẹ̀. Òun nìkan ni yóò máa bẹ òkú pé kó jọ̀wọ́, kó wá mu wáìnì.

Nígbà tí ọyẹ́ mú dé góńgó, ó gba irin náà lọ́wọ́ Ọdẹ́bọ̀dé, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ sí ilé náà. Ó ṣófo. Àga òyìnbó ṣì wà ní fàráńdà. Oòrùn ti ń wọ̀, ó pupa bí epo, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ògúnbùnmi mú ọsàn, ṣùgbọ́n kànáfùrù ń dà sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Dúróríkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gún un, ó yan án. Ó da wáìnì, ó rọra kóná, kò jẹ́ kó hó. Ó ti rí i tó, ó mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Dúróríkẹ́ ló ki irin bọ kọ́ọ̀bù. Ṣààà. Ó gbé e síwájú àga.

Wọ́n dúró.

Wọ́n gbọ́ ìpè ìrun láti ìgboro, ó dún títí, ó dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Afẹ́fẹ́ dúró. Ewé gbígbẹ tó ti ń yí kiri àgbàlá láti àárọ̀ dúró. Ooru orí wáìnì náà ń dín kù, ó ń dín kù, kò sí mọ́.

"Kò wá," Ògúnbùnmi wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Ó dìde.

Dúróríkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù. Bó ṣe dì í mú ni òtútù náà ń gun òkè, ó kọjá ọrùn ọwọ́, ó dé ìgúnpá.

"Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ayọ̀bámi, ẹ jókòó."

Ó fi í sílẹ̀, ó sáré ki irin bọná. Ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Irin pọ́n, ó kì í bọ wáìnì, ó ké ṣààà, ooru rú. Ó wá kọjú sí àgbàlá tó ṣófo, ó lọgun, òun tí kì í gbé ohùn sókè níwájú àgbà.

"Míísítà Hárọ́pù! Ó ti jinná! Ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀! Ẹ wá!"

Ooru wáìnì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń yan tábà, ẹnì kan pè.

"Kúùkù."

Kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí kò mọ̀ pé a kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn ní àṣálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kúùkù ti mọ́ ọn lára láti dáhùn kó tó ronú. Ẹnu Ògúnbùnmi là. Dúróríkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ dé e pàkò. Òun ló dáhùn.

"Sà!"

Ó gbé kọ́ọ̀bù pẹ̀lú irin nínú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rìn wọ inú eruku.

Bàtà ló kọ́kọ́ rí, ó wá rí etí ṣòkòtò funfun. Eruku bo ìyókù. Ọwọ́ kan gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé yóò tutù. Ó gbóná, ó gbóná ju kọ́ọ̀bù lọ. Ó gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, láìkánjú. Òórùn ọsàn gba ibẹ̀ kan.

Dúróríkẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló bà á. Ohun tó ṣe é kọjá ẹ̀rù. Ó ń ro bí ọ̀nà náà ti jìn tó, òkun tó wà níbẹ̀, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti bo ọkùnrin yìí mọ́, tó sì tún dìde wá nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò rí ẹni tó níyì tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ẹni náà sọ̀rọ̀. Ohùn Míísítà Hárọ́pù ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò tiro mọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Àgọ́-Àrẹ, tí ìyá rẹ̀ tún tibẹ̀ wá.

"Ó dùn. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ó na kọ́ọ̀bù sí i. "Ta ló sè é?"

Ìgbà yẹn ni Dúróríkẹ́ rántí ohun tó ṣe. Òun ló gún ọsàn. Òun ló kóná, òun ló ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ògúnbùnmi kò ṣe ju kó jókòó lọ. Ẹni náà sì ti na kọ́ọ̀bù sí i, òun náà ti fi ọwọ́ kàn án, irin wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkọ rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán nínú eruku.

"Ọkọ mi ni, Sà," Dúróríkẹ́ wí.

Ó pẹ́ kí ẹni náà tó jọ̀wọ́ kọ́ọ̀bù. Nígbà tí Dúróríkẹ́ gbójú sókè, eruku nìkan ló kù, ewé gbígbẹ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri àgbàlá.

Ògúnbùnmi ń fi ọwọ́ ra ìgúnpá ara rẹ̀ nígbà tó padà dé. Ara rẹ̀ ti ń móoru. "Ebi ń pa mí," ó ní, bí ọmọdé.

Kọ́ọ̀bù ti gbẹ. Ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ pọ́n. Ó pọ́n yòò, bí ẹni pé inú iná ẹwìrì ló ti ń jáde bọ̀, kò sì gbóná rárá. Dúróríkẹ́ fi etí ìró wé e. Ní àárọ̀, nígbà tó tú u, ó ṣì pọ́n.

Ó gbé e lọ fún Ọdẹ́bọ̀dé. Bàbá náà wò ó títí, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kò gbà á.

"Ìyàwó, kí lo sọ fún un?"

Dúróríkẹ́ tún fi etí ìró wé irin náà.

"Gbé e lọ sílé," Ọdẹ́bọ̀dé ní. "Ẹjọ́ náà kò tíì parí, ọ̀dọ̀ rẹ ló kù sí."