Páìpù Méjì Lẹ́yìn Ilé Akínwọlé

Ìdí Fọlárìn ni Lydia kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá Lydia ní Òrè, ó ti orí bọ àárín ògiri àti ẹ̀rọ kan tó dà bí àpótí irin, òógùn ti lẹ ṣòkòtò kàkí mọ́ ọn lára típẹ́típẹ́. Ó di páìpù kan mú, ó sì ń kùn bí oyin tí wọ́n da ilé rẹ̀ rú.

"Ṣé ẹ ń tún un ṣe ni, àbí ẹ ń bá a jà?" Lydia bi í.

Fọlárìn fẹ́ dìde lójijì, orí rẹ̀ sọ mọ́ irin, gbàà! Ó yíjú padà láti bínú, àfi bó ṣe rí ọmọge tó gbé ife omi lọ́wọ́, tí ẹ̀rín ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀kúrọ́ tí àpò rẹ̀ ya. Ìbínú bá tibòmíràn lọ.

"Òun ló ń bá mi jà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rọ amúlétutù ni. Kò sí irú rẹ̀ láti Òrè dé Odìgbó nígbà náà. Òyìnbó agégẹdú kan tó ń padà sílé lẹ́yìn òmìnira ló tà á fún Akínwọlé, bàbá Lydia, tóun náà ń gé gẹdú nínú igbó Omifunfun. Apá kan ẹ̀rọ náà wà nínú pálọ̀, apá kejì wà níta, páìpù bàbà méjì ló sì la ògiri kọjá láti so wọ́n pọ̀. Sápẹ́lẹ̀ ni Fọlárìn ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kan èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí," ó sọ fún Lydia lẹ́yìn tó ti tún un ṣe.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà wọlé. Tó bá dé pálọ̀, á gbé ooru ibẹ̀ rù, á wá gba inú èyí tó sanra jáde. Ẹ fọwọ́ kan òun náà."

"Yéè! Ó tutù bí omi àmù!"

"Òun la gbọ́dọ̀ wọ̀ láṣọ. Tí a bá fi í síhòòhò, oòrùn á máa pa á, á máa làágùn, omi á máa kán tótó." Ó fi àpò ìdọ̀họ tó ti kì bọ ọ̀dà wé páìpù náà. Ọmọ Agbabu ni, níbi tí ọ̀dà ti ń sun jáde látinú ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Agbabu," Lydia ní, "ṣé ọ̀dà náà lẹ fi ń para?"

"Àwọn ọmọge wa ló ń fi í para. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ìyàwó bọ̀ ní Òrè."

Lydia sá wọlé. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí Fọlárìn ti ń kọrin bó ṣe ń kó sípánà rẹ̀ jọ:

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló lọ,
Rọ̀bọ̀tọ̀ ló bọ̀,
Bó bá lọ tí ò bọ̀,
Ilé ò ní tutù o!

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹ̀rọ fi tún dákẹ́. Fọlárìn wá, ó rí i pé gáàsì ti jò tán. Ó rọ òmíràn, ó de nọ́ọ̀tù, ó lọ. Ẹ̀rọ tún dákẹ́. Ó tún wá. Orí fẹ́ dà á rú.

"Nọ́ọ̀tù yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi dè é! Ta ló tú u? Àti àpò yìí, ta ló wé e báyìí, bí ẹni wé ọmọ ìkókó?"

Lydia fi etí aṣọ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀, Ọládùnní, ni Ìyá Àdúrà ní ilé àdúrà Aládùúrà tó wà ládùúgbò. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga gbẹ, ìyá yìí rí omi tó ń kán láti ara ògiri tí kò sí òjò, tí kò sí odò. Ó rántí Mósè àti àpáta. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìgò sí i. Kò pẹ́ tí àwọn abiyamọ láti abúlé Ajue fi ń wá gba omi ìyè. Ìgbà tí Fọlárìn wá fi àpò wé páìpù, omi dá. Kí ni kí Ìyá Àdúrà ṣe? Ó ń tú àpò náà ni, á fi okùn so àwọn ìgò rẹ̀ kọ́ páìpù lọ́rùn, wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀. Ìwúwo ìgò ń fa páìpù, nọ́ọ̀tù ń ṣí, gáàsì ń jò. Bí gáàsì bá tán, páìpù kì í tutù mọ́, omi náà á sì dá! Nígbà náà ni yóò kó ìgò kúrò, tí yóò wé àpò padà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí yóò wá sọ pé, "Bàbá Lydia, ẹ ránṣẹ́ pe ọmọ yẹn o."

Lydia ló ń fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà kúrò lára sùtánà funfun ìyá rẹ̀. Ṣé ó wá sọ̀rọ̀? Kò sọ. Ọmọ kì í tú àṣírí ìyá rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìgbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni Fọlárìn ń wá. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ bí? Ìyá ń wá omi, ọmọ ń wá ọkọ, Akínwọlé ń làágùn nínú pálọ̀ bí ẹni ń gún iyán.

Ọjọ́ tí Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ pé òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá tọrọ Lydia, Akínwọlé fò dìde.

"Ìwọ tí o kò lè mú pálọ̀ tutù, ìwọ lo fẹ́ gbé ọmọ mi? Àwọn ẹbí Owólabí, akọ̀wé káńsù, ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé. Wá tún ẹ̀rọ mi ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò fẹ́ rí ẹ mọ́!"

"Háà!" Fọlárìn sọ fún Lydia níta. "Èmi ni n ó wá máa fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó mi!"

"Ìyàwó ta ni? Ṣé o ti gbé mi ni?" Ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Fọlárìn wólẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ó rí ojú okùn lára páìpù. Ó gbójú sókè, Ìyá Àdúrà dúró tì í nínú sùtánà, ọ̀dà dúdú wà létí ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bá yé e pọ́n-ún. Kó tó lanu, Akínwọlé ti yọ.

"Kí ló ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ gan-an? Sọ fún mi lónìí!"

Ìyá Àdúrà yára fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

Fọlárìn wo ilẹ̀. "Ọwọ́ mi ni, Bàbá. N kò dè é dáadáa."

"Mo mọ̀! Tún un ṣe, kí o sì máa lọ. Má padà!"

Bí ọkùnrin náà ṣe yẹra, Fọlárìn de nọ́ọ̀tù, ó rọ gáàsì, ó fi àpò ọlọ́dà wé páìpù. Ó wá fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti abẹ́ ẹ̀rọ tó wà nínú pálọ̀ bọ inú ìkòkò kan tí ìyá náà gbé wá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí i, ó pọ̀ ju ti páìpù lọ.

"Ìyá, ẹ máa gbà á níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páìpù sílẹ̀ fún mi. Inú afẹ́fẹ́ lásán lomi náà ti ń wá, mà."

"Ta ló ni afẹ́fẹ́?"

"Ọlọ́run ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ bùṣe."

Nígbà tí àlejò dé, pálọ̀ tutù nini. Bàbá Owólabí fi agbádá bo etí. Owólabí fúnra rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹni tó tún ẹ̀rọ yìí ṣe mọṣẹ́ o!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Akínwọlé ní. "Ọmọ tí kò lè de nọ́ọ̀tù. Mo ti lé e lọ."

Ìyá Àdúrà kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó dìde, ó na ọwọ́ sùtánà rẹ̀ sójú gbogbo ayé. "Èmi ni mo ń bà á jẹ́! Ẹ wo ọ̀dà! Ọmọ yẹn rí i láàárọ̀, ó gba ẹ̀bi mi jẹ, kò dójú tì mí níwájú ọkọ mi. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni n ó fún lọ́mọ."

"Ìwọ!" Akínwọlé di orí mú. "Láti ìgbà tí mo ti ń jóná nínú ilé ara mi!"

Lydia náà kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá. Mo dákẹ́ nítorí ìyá mi, mo sì dákẹ́ nítorí Fọlárìn. Òun ni mo fẹ́."

Owólabí wo bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni tó fara mọ́ ooru nítorí ọkùnrin mìíràn, ṣé èmi ni yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i?"

Akínwọlé mí kanlẹ̀. "Ó sú mi! Lydia, lọ pe ọkùnrin yẹn wá, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pa mí!"

Lydia sáré dé oríta mọ́tò. Fọlárìn ti jókòó sórí ẹrù nínú lọ́rì tó ń lọ Sápẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí i, ó ká ọwọ́ lérí. "Áà! Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó tutù jù ni. Bàbá ní kí o wá gbé mi kúrò nínú òtútù."

Fọlárìn fò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, sípánà dà sílẹ̀ wàràwàrà. Bí wọ́n ṣe ń ṣà á ni Lydia gbé orin:

"Tẹ́ẹ́rẹ́ ló lọ..."

"Rọ̀bọ̀tọ̀ ló bọ̀," ọkùnrin náà gbè é. "Mò ń lọ Agbabu lọ kó àwọn èèyàn mi wá. N ó bọ̀, Lydia mi."

Ó bọ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀, Ìyá Àdúrà fi omi tútù wọ́n wọn lórí nílé àdúrà, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Ibi tó ti gbọ́n omi náà, ẹ má bi mí.