Ọ́ìlì Àlòkù Nínú Gálọ̀nù Tuntun

Àárín afárá ni ọkọ̀ náà kú sí. Ó kọ́kọ́ ń ró bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu irin, iná pupa tàn níwájú, kí Àǹtí Onímọ́tò tó ń wà á sì tó rí ẹ̀gbẹ́ títì yà sí, ẹ́ńjìnnì ti gan. Ó yí kọ́kọ́rọ́, kò mira. Ó tún un yí, pàbó. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, àbúrò rẹ̀ tó ń rọbí di ilẹ̀kùn mú, ó figbe ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Ẹ máa lọ!"

"Mú un mọ́ra. Jọ̀ọ́, mú un mọ́ra."

Òjò ń rọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín gbá a lójú. Ó fa gééjì ọ́ìlì yọ. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn dà bí ọ̀dà, ó dúdú, ó ki, ó ń rùn bí ìkòkò tó jóná. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ rárá tó pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń wọ́n omi sí i lára, wọ́n ń lọ. Nígbà tí onítírélà kan ṣàánú wọn dúró, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Inú tírélà yẹn ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù gbọ̀n ọ́n, ó lù ú ní ìdí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ọmọ náà kò ké.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ sáré dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yíjú sí Àǹtí Onímọ́tò.

"Ọ́ìlì gbàrọgùdù lo dà sí ọkọ̀ yẹn. Ahun rẹ ló pa ọmọ mi."

"Mi ò ra gbàrọgùdù rí láyé mi."

"Kí ló wá pa á?"

Àǹtí Onímọ́tò yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn kọjú sí ògiri.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ bó ṣe ń tọ́jú ọkọ̀. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbọ́ tọkọ̀ ju tọkọ lọ, abájọ tí ọkọ fi sá tí ọkọ̀ dúró. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá kò kúrò lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Irú ọ́ìlì tí ìwé náà bá pè ló máa ń rà, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti ń rà á, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́.

Ta ni kò mọ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́? Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀kán ọ́ìlì kan kò sí nílẹ̀. Ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀ tà á. Kò ní gbé ọ́ìlì fún ọ láìbi ọ́ ní ìbéèrè. Ọkọ̀ yìí ti pẹ́ tó? Ṣé ó máa ń ru ẹrù gun òkè? Ṣé ó ti ń mu ọ́ìlì? "Èyí tó bá ki jù, kò ní tètè gòkè láàárọ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "èyí tó bá sì ṣàn jù, kò ní lè dúró nínú ooru. Ohun tí ìwé ọkọ̀ rẹ bá sọ ni kó o gbọ́." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀.

Àǹtí Onímọ́tò lọ bá a. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ bá a kẹ́dùn, ó mi orí.

"Mẹkáníìkì rẹ ni kó o bi, ìyá. Ọ́ìlì tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mẹkáníìkì rẹ̀, tó máa ń bá a pààrọ̀ ọ́ìlì, tí wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ náà lọ bá, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwàkuwà ni, àǹtí. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ jù."

Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Sájẹ́ńtì tó bá níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Níbo lẹ ti ra ọ́ìlì náà?"

"Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́."

Sájẹ́ńtì nawọ́ sí ojú wíńdò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà nínú ọgbà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti jóná kanlẹ̀. "Ibẹ̀ làwa náà ti ra tiwa."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá ya bo ṣọ́ọ̀bù náà. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ fa àga fún Sájẹ́ńtì. "Ẹ gbé èyí tó bá wù yín." Wọ́n kó gálọ̀nù lórí pẹpẹ, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ́ìlì wò. Èsì dé: ojúlówó ni, àbùkù kan kò sí níbẹ̀. Ariwo sọ ládùúgbò. Wọ́n ń pe Àǹtí Onímọ́tò ní abanijẹ́ lójú títì. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ pàdé rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ìyá, bó o bá tún pe orúkọ mi, màá gba ilé tó ò ń gbé lọ́wọ́ ẹ ní kóòtù. Ṣé o gbọ́?"

Àǹtí Onímọ́tò kúrò níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó wọ inú òkú ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé orí lé sítíárì, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ló wà tí píkọ́ọ̀pù kan fi wọlé. Mẹkáníìkì kò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ọkọ̀ náà. Ó yí dúrọ́ọ̀mù kan jáde, dúrọ́ọ̀mù tó máa ń da ọ́ìlì àlòkù sí, èyí tó bá fà jáde lábẹ́ ọkọ̀ àwọn oníbàárà.

"Bọ̀dá ní ká rọra ṣe," ni ẹni tó wa píkọ́ọ̀pù wí. "Ó ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, àmọ́ ojú ọlọ́pàá ṣì wà lára rẹ̀."

"Ẹ gbé èyí ná. Kó má gbàgbé tèmi o."

Omijé gbẹ lójú Àǹtí Onímọ́tò. Ó ba mọ́lẹ̀ títí píkọ́ọ̀pù fi jáde, ló bá gba ẹ̀yìn yọ, ó fò sẹ́yìn alùpùpù kan.

"Tẹ̀ lé píkọ́ọ̀pù yẹn. Má sún mọ́ ọn jù."

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni píkọ́ọ̀pù náà yà sí, níbi ilé búrẹ́dì kan tí wọ́n ti pa tì. Èéfín ń yọ níbẹ̀, àmọ́ òórùn búrẹ́dì kọ́. Ó fi fóònù pe Sájẹ́ńtì. Ìyẹn dé tòun ti àwọn ọlọ́pàá méjì, wọ́n fẹsẹ̀ jálẹ̀kùn.

Ọ́ìlì àlòkù ń hó lórí iná. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ so rọ̀ lókè, ó dúdú bí èédú. Aró wà nínú báàgì, èyí tí wọ́n fi ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ tún pọ́n. Gálọ̀nù tuntun tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ dúró láàárín wọn, kò wọ ẹ̀wù funfun. Ó rí wọn, ó da gálọ̀nù kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ọlọ́pàá àkọ́kọ́ yọ̀, ó ṣubú lu èkejì. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ gba ojú wíńdò jáde, ó fò lórí pákó, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbé. Ọkọ̀ rélùwéè ló dá a dúró fún wọn: géètì ojú irin ti wálẹ̀, ọkọ̀ tò síwájú rẹ̀, òmíràn tò sẹ́yìn rẹ̀. Sájẹ́ńtì fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó kan gíláàsì.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, bọ̀dá."

Nínú ọgbà àgọ́, kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ọn. Sájẹ́ńtì ní kí wọ́n fa ọ́ìlì inú ọkọ̀ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ dànù. Ó gbé gálọ̀nù kan tí wọ́n kó ní ilé búrẹ́dì síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ọ́ìlì ni, sà."

"Ojúlówó àbí ayédèrú?"

"Ojúlówó ni. Wọ́n kàn tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹ dà á sí ọkọ̀ yín. Ká jọ wà á jáde."

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ gbé gálọ̀nù náà. Ó ṣí ìdérí. Ó wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, òógùn bò ó. Ó gbé gálọ̀nù náà sílẹ̀.

"Mi ò lè dà á."

"Kí ló dé?"

"Á ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Mo ní á ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́! Àlòkù ni. Èmi ni mo ń sè é."

Ó wá ń rò ó lẹ́sẹẹsẹ: iye ọdún tó ti ń ṣe é, àwọn mẹkáníìkì tó ń kó o wá, bó ṣe ń to ojúlówó síwájú tó ń fa ayédèrú yọ lẹ́yìn. Àǹtí Onímọ́tò, tó bá wọn wá sí àgọ́, sún mọ́ ọn.

"Mẹkáníìkì tèmi náà ń kó tèmi wá?"

"Ó ń kó gbogbo rẹ̀ wá."

"Ọ́ìlì tí wọ́n fà lábẹ́ ọkọ̀ mi ni mo tún ń padà wá rà?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Àǹtí Onímọ́tò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó mú kí ọlọ́pàá tó wà nítòsí yíjú kúrò.

"Mo sọ fún yín pé àbúrò mi máa tó bí, pé ọkọ̀ yẹn ni màá fi gbé e. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì gbé e fún mi."

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. "Èyí tó sún mọ́ ọwọ́ mi ni mo gbé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fa mẹkáníìkì náà lẹ́sẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó ti wọ gbèsè nítorí ẹ́ńjìnnì rọ́ wá sí àgọ́, inú wọn dùn, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Bàbá kan tó ti lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé pé ó jó ẹ́ńjìnnì òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń pe nọ́ńbà ọmọ náà. Kò gbé e. Ó tún ń pè é.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ wá dúró de Àǹtí Onímọ́tò lẹ́nu géètì àgọ́. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àǹtí Onímọ́tò di apá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ èrò dé ilé.

Àbúrò rẹ̀ wà nínú yàrá, ó sì kọjú sí ògiri síbẹ̀. Àǹtí Onímọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí dúrọ́ọ̀mù dé orí gálọ̀nù. Nígbà tó parí, àbúrò rẹ̀ bi í láìyíjú padà.

"Wọ́n á tì í mọ́lé?"

"Wọ́n á tì í mọ́lé."

"Kò ní dá a padà fún mi."

"Kò ní dá a padà."

Àbúrò rẹ̀ yíjú padà. Ojú rẹ̀ wú. Ó sún sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ nu àyè tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá dùbúlẹ̀."