Ìgò Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú

"Mọ́mì, àwọn kòkòrò inú omi yìí, ṣé wọ́n máa ń yó ni?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibi tí omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú kékeré náà ń ṣàn wá ló ti ń ṣiṣẹ́. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun ló ń sọ gbogbo rẹ̀ di mímọ́ kó tó wọ odò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí kì í sinmi ìbéèrè, Kílódé ni wọ́n sì ń pè é nílé.

"Wọn kì í yó. Wọ́n á jẹ ìdọ̀tí, wọ́n á di ẹrẹ̀, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀."

Ó bu omi láti inú táǹkì tí àwọn kòkòrò náà wà sínú ìgò gbọọrọ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. "Mo fẹ́ lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ṣọ́ ìgò yìí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi tí ẹrẹ̀ bá rọ̀ dé, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Bó bá ju márùn-ún lọ, ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, mo gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ jáde lónìí. Má kánjú o!"

Kílódé tẹjú mọ́ ìgò. Omi mímọ́ ń yọ lókè díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́, fi yọ lẹ́nu géètì, tó di imú mú.

"Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ lò ń ṣọ́! Ṣé ó máa sá lọ ni?"

Ojú ti Kílódé. Ó ṣí ìwé, ó rí nọ́ńbà àná: mẹ́ta. Ó kọ mẹ́ta, ó da omi ìgò nù, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó rí mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ti kún táǹkì, ó ń ṣàn lọ sínú odò. Àwọn tó ń fi omi odò wọ́n ẹ̀fọ́ kó gárawá òfìfo wá sẹ́nu géètì, wọn ò rí omi tó mọ́ bù. Ọ̀gá iṣẹ́ náà dé, ojú rẹ̀ le koko.

"Mẹ́ta lẹ kọ síbí! Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ẹ máa lọ sílé."

Ìyá Kílódé wo ìwé náà. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ló kọ ọ́, síbẹ̀ ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀gá bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ìyẹn dun Kílódé ju ẹgba lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò dúró. Ti àná ni mo wò kọ."

"Ẹ̀bi tèmi náà ni, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo fi iṣẹ́ mi lé e lọ́wọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ẹ fa ẹrẹ̀ yìí jáde ná. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ mi títí omi á fi mọ́."

Kílódé fẹ́ pa nọ́ńbà irọ́ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A lè fi ìwé tan ọ̀gá jẹ, a ò lè fi tan omi."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé láti ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ìgò ni, tòun ti ìyá rẹ̀. Mẹ́jọ. Méje. Mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún yọjú, ó ṣì di imú mú.

"Kò tíì tán ni?"

"Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Wá wo bó ṣe ń rọ̀."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi imú sílẹ̀, ó wọlé, kò sì béèrè bọ́ọ̀lù mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá dá kọ́kọ́rọ́ padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé géérégé, ẹrẹ̀ sì dúró lójú mẹ́ta. Kílódé kọ ọ́. Nọ́ńbà kan náà ló kọ lọ́jọ́ sí, ṣùgbọ́n èyí ló fi ojú ara rẹ̀ rí kó tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe sùúrù kí ẹ rí òótọ́ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ni irọ́ yín máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.