Abẹ́rẹ́ Kejìlá

Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹta, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé sọ láìṣì, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kì í ṣi nǹkan kà. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n; òun ni ó ń to irin-iṣẹ́ nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ, tí ó sì ń nà án sí àwọn dókítà lọ́wọ́. Kì í jẹ́ kí wọ́n rán ara aláìsàn pa títí yóò fi ka gbogbo abẹ́rẹ́ tán, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Kà-á-Pé.

Láyé ìgbà náà, abẹ́rẹ́ kì í ti inú ọ̀rá jáde tòun ti òwú nídìí bí ti òde òní. Ọwọ́ ni a fi ń ki òwú bọ̀ ọ́ lójú, ṣẹ́dà fún awọ, òwú ìfun àgùntàn fún ẹran inú. Bí abẹ́rẹ́ bá kúnu, a ó pọ́n ọn, a ó sè é, a ó sì tún un lò. Ọkùnrin kan tí a ń pè ní apọ́nrin ni ó ń wá ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun náà ni ó sì ń yẹ àwọn irin-iṣẹ́ yòókù wò bóyá wọ́n dára.

Nígbà tí Kà-á-Pé kọ́kọ́ rí i, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé iyàrá irin-iṣẹ́, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i léjìká, àpótí igi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí irin náà bí ẹni pé irin ń kí i. Kà-á-Pé gba àlùmọ́gàjí náà, ó fi gé òwú tútù, ó sì dá a padà.

“Ó ń jẹ òwú ni, kò gé e.”

“Ṣebí ó gé irun mi.”

“Irun orí yín kọ́ ni a fẹ́ fi rán aláìsàn.”

Ọkùnrin náà tún un pọ́n láìjanpata. Nígbà tí ó ń di ẹrù rẹ̀, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, àfàìmọ̀ kí n má pá lórí kí n tó tẹ́ yín lọ́rùn.”

Láti ọjọ́ náà, Ọjọ́bọ̀ kan kò kọjá kí iṣẹ́ kan má gbé Kà-á-Pé dé ibi fèrèsé náà. Bí apọ́nrin bá ń ṣiṣẹ́, òun a máa fi àjákù òwú ṣẹ́dà kọ́ bí àwọn dókítà ti ń ta kókó, lára okùn tí a fi ń gbé àpótí náà: kókó kan lọ́sẹ̀ kan. Apọ́nrin kò gé ọ̀kankan kúrò rí. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù a sì máa sọ pé láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti dé, irin ilé ìwòsàn àwọn ti ń yára kúnu ju ti ibòmíràn lọ.

Ìyá Kà-á-Pé ti jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì nínú iyàrá iṣẹ́ abẹ yìí kan náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ni ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Apọ́nrin lọ kí i nílé. Ìyá gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

“N kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ní ó ń rẹ́rìn-ín sí irin; ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nídìí irin, àṣìṣe rẹ̀ ti wà lọ́nà. Bí àṣìṣe náà bá dé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró tàbí yóò sá. Títí n ó fi mọ̀ ọ́n, má dárúkọ ìgbéyàwó fún mi.”

Ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo kí àṣìṣe náà tó dé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún olùkọ́ àgbàlagbà kan ní ikùn. Abẹ́rẹ́ méjìlá ni ó kúrò lórí àwo. Mọ́kànlá ni ó padà. Dókítà ti mú òwú tí yóò fi rán ojú ọgbẹ́ dání.

“Kò pé, sà.”

Dókítà ní ara aláìsàn ti wà ní ṣíṣí pẹ́ jù.

“Kò pé, sà. Ẹ má rán an.”

Ó tú aṣọ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó rí abẹ́rẹ́ kejìlá nínú ìṣẹ́po aṣọ tí a fi bo itan aláìsàn. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀mú tí wọ́n fi ń dì í mú, abẹ́rẹ́ náà sì ń yí gbiri. Ẹnu ẹ̀mú ti jẹ; ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ta. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá ni apọ́nrin dá ẹ̀mú náà padà, tí ó ní ó dára.

Ara olùkọ́ náà yá. Dókítà, láti inú àánú, sọ fún Kà-á-Pé pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé abẹ́rẹ́ sọnù, a sì rí i. Ta ni yóò béèrè ìdí? Ó jókòó ti ìwé náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Bí ó bá kọ orúkọ apọ́nrin, yóò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, bóyá yóò sì pàdánù ọkùnrin náà. Bí kò bá kọ ọ́, ìṣirò kan yóò wà láyé rẹ̀ tí kò ní pé mọ́ láé. Ó kọ ọ́.

Wọ́n ní kí apọ́nrin má wá mọ́. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá, a kò gbúròó rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, apọ́nrin gbé àpótí rẹ̀ wọ ilé wọn. Ó ní òun ti lọ bẹ olùkọ́ náà. Ó ní òun ń bá ilé ìwòsàn mẹ́ta mìíràn ṣiṣẹ́, òun ti lọ tún gbogbo ẹ̀mú wọn dán wò, òun sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Méjì lé òun. Ìkẹta ní kí òun máa bọ̀.

Ìyá bi í pé báwo ni ó ti ṣẹlẹ̀.

“Ẹ̀mú mẹ́sàn-án ni wọ́n fún mi, mà, mẹ́jọ ni mo dán wò. Ọmọ yín ń ta kókó lára àpótí mi. Mo gbójú sókè wò ó. Nígbà tí mo máa bojú wolẹ̀, mo rò pé mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò tán.”

“O ò bínú sí i pé ó kọ orúkọ rẹ?”

“Rárá, mà. Bó bá fi àṣìṣe mi pa mọ́, ojoojúmọ́ ni n ó máa ronú ohun tí yóò fi pa mọ́ fún èmi náà.”

Ìyá wọlé lọ, ó mú àlùmọ́gàjí àtijọ́ kan jáde. “Pọ́n èyí. Má sì rẹ́rìn-ín.” Ọkùnrin náà fún ètè rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tí ó mu ewúro, ìyá gan-an ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀rọ̀ tèmi tán,” ni ó wí, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ó kù sọ́wọ́ rẹ.”

Kà-á-Pé fa àpótí náà mọ́ra. Ó ka àwọn kókó ara okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ: mọ́kàndínláàádọ́ta ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yọ òwú ṣẹ́dà kan nínú àpò, ó fara balẹ̀ ta ọ̀kan sí i, ó di àádọ́ta.

“Ó pé, Màámi,” ni ó wí. “Òun ni n ó fẹ́.”