Òǹtẹ̀ Ọ̀la

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Ìyá Àgbà sọ ìdákọ̀ró kẹ́yìn láyé rẹ̀, oòrùn mú débi pé ọ̀dà ara pákó ọkọ̀ ń lẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn ní bàtà. Ọkọ̀ ogun ni Ìyá Àgbà, ọkọ̀ onírin tó ń jẹ èédú. Ìjọba fún un ní orúkọ gidi nígbà tí wọ́n kàn án, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí omi ti sọ ọ́ di arúgbó tó ń wúkọ́ èéfín, àwọn atukọ̀ kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ jù ni akọ̀wé lẹ́tà inú ọkọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Olóǹtẹ̀. Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ: tábìlì kan, àpò lẹ́tà méjì, agolo tàdáwà, àti òǹtẹ̀ idẹ tó fi ń lu orí lẹ́tà. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọn akọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀ fi ń dán òǹtẹ̀ wò láràárọ̀, bí èèyàn bá sì ń ṣí i, ayé ọkọ̀ náà ló ń ṣí. Òǹtẹ̀ ìgbà tó ń wọn jíjìn omi etíkun wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa ọdún àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń fi èéfín fín gbogbo lẹ́tà kí èbúté tó gbà á. Òǹtẹ̀ tó gbé orúkọ ọkọ̀ sí àyíká ọjọ́ àti oṣù ló wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí ogun dé, wọ́n ní kí Olóǹtẹ̀ ha orúkọ náà kúrò kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ó ha á, ó sì dùn ún bí ẹni tí wọ́n ní kó fá irun orí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ àti oṣù nìkan ló kù.

Lára ọjọ́ inú òǹtẹ̀ yìí gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì lẹ́tà èbúté tí ojú rẹ̀ máa ń korò bí ewúro. Òwúrọ̀ nìkan ló ń ṣí àpò. Bí ó bá bá ọjọ́ àná lára lẹ́tà, á ní lẹ́tà náà ti pẹ́, á dá àpò padà sínú ọkọ̀. Nítorí náà, àwọn akọ̀wé ọkọ̀ dá ọgbọ́n tiwọn, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn láti ìran dé ìran: bí àpò bá máa lọ ní ọ̀sán, ọjọ́ kejì ni kí o tò sínú òǹtẹ̀. Olóǹtẹ̀ ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ó ń to ọjọ́ kejìdínlógún sínú òǹtẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú. Ọkùnrin yìí ló ń kó èédú sínú iná ọkọ̀, èédú sì bò ó dé ìpéǹpéjú. Lẹ́tà ló mú wá fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó yìí kò mọ̀wé, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì ka lẹ́tà ọkọ rẹ̀ fún un. Bí lẹ́tà bá dé, orí pẹpẹ ló ń lọ, ní títì pa. Ọjọ́ tí ọkọ bá dé, á jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, á wá kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóǹtẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí ló dé tí kò kúkú fi lẹ́tà náà sápò, kó sì mú un délé fúnra rẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àna mi, bí mo bá mú un dání, kí ni yóò máa dúró dè mí nílé?”

Olóǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀ náà mọ́ ọn, ó hàn kedere, ó sì bá ọkọ̀ kékeré gbé àpò lọ sí èbúté. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó padà. Bí ọkọ̀ kékeré ṣe kúrò ni àṣẹ dé pé kí Ìyá Àgbà ṣí. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán tó fi kọ lu bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì sómi, ó sì lọ sísàlẹ̀ tòun ti igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá. Ẹnì kan kò yọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìjọba fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lẹ orúkọ àwọn òkú mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọkọ̀ ogun. Wọ́n ti fi Olóǹtẹ̀ síṣẹ́ ní òkè ilé náà, ibi tí fèrèsé ti kọjú sí géètì. Láti ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ tó mọ nọ́ńbà bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, tó gbé lẹ́tà sókè níwájú ọ̀gá ológun tó jáde sí àwọn ìyàwó atukọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ní ọkọ̀ rì lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Wọ́n tẹ ọjọ́ kejìdínlógún sára lẹ́tà ọkọ mi. Ṣé ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà ni?”

Ọ̀gá yí padà, ó wọlé. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́fà ló mú lẹ́tà wá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, wọ́n ti lé ní ogójì. Àwọn kan ní ìjọba ló fi ọkọ̀ pa mọ́, àwọn kan ní ọ̀tá ló mú wọn lẹ́rú. Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀, gbígbọ́n ló ń gbọ́n. Ara Olóǹtẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, ó ń rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá yí ọjọ́ padà nígbà ogun, ó mọ̀, ẹ̀wọ̀n sì ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù, kò sì tíì yọjú sí i láti ìgbà tí ọkọ̀ ti rì. Bí ó bá sọ òtítọ́, òun ló máa pa ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu rẹ̀ ló sì máa fi pa á.

Ìgbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti obìnrin mẹ́ta ti bá ọlọ́kọ̀ onígbòkun kan sọ̀rọ̀, pé lọ́jọ́ Sátidé wọ́n ń lọ wá ọkọ wọn láàárín àwọn erékùṣù, lórí omi tí bọ́ǹbù kún yìí kan náà, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́tà wà lórí pẹpẹ, ní títì pa. Obìnrin náà ní kó jókòó, pé ìrìn rẹ̀ ń kó òun láyà sókè. Kò jókòó. Ìdúró ló wà tó fi rò ó tán: ọ̀gá elójú kíkorò, ọgbọ́n àwọn akọ̀wé, òǹtẹ̀.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bi í pé, “Ọjọ́ wo ló fún ọ ní lẹ́tà yìí?”

“Ọjọ́ kẹtàdínlógún, lọ́sàn-án.”

“Ti àwọn yòókù ńkọ́?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ni.”

Obìnrin náà já òwú aṣọ tó ń rán. Ó ní kó lọ sọ ọ́ ní géètì lọ́la, kí Sátidé tó pé. Olóǹtẹ̀ ní wọ́n á ti òun mọ́lé.

“Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé, wọ́n á sì ṣí ọ sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ọkọ mi ńkọ́?”

Ó sọ ọ́ ní géètì lóòótọ́. Àwọn kan ṣépè fún un, onígbòkun lọ láìsí àwọn obìnrin náà, Olóǹtẹ̀ sì ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ irọ́ ọjọ́ kan péré. Ogun parí, wọ́n ṣòfin pé akọ̀wé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjọ́ inú òǹtẹ̀ àyàfi láàárọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti kú, àwọn tó ń kó àlòkù lẹ́tà jọ ń wá lẹ́tà ọkọ̀ tó kọ̀wé lẹ́yìn ikú rẹ̀ kiri, wọ́n ń fi awò wo òǹtẹ̀ róbótó dúdú náà. Wọ́n máa ń bi ara wọn ìdí tí ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà fi ní ojú gígé nísàlẹ̀.

Sísọ́ọ̀sì aránṣọ ló gé e, lọ́jọ́ tí Olóǹtẹ̀ wá jẹ́wọ́, nínú yàrá ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀gbọ́n gbé lẹ́tà kúrò lórí pẹpẹ, ó nà án sí àbúrò rẹ̀, ó sì nawọ́ sí àga ẹ̀bá fèrèsé.

“Jókòó síbẹ̀. Kà á.”

Olóǹtẹ̀ jókòó. Ó gé e nísàlẹ̀ kí òǹtẹ̀ má baà bàjẹ́. Àbàwọ́n èédú ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà létí ìwé.

“Ìyàwó mi,” ó kà, “mo ti jókòó báyìí, ìwọ náà sì ti fi aṣọ tó ò ń rán sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi ẹ̀rín.”

Ó gbójú kúrò lára ìwé.

“Má dúró,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ọkọ mi kì í dúró níbẹ̀.”